Ìwé Aláwòrán Tí Ìyá Aránṣọ Fura Sí

Ìfura loògùn àgbà. Ìyá Aránṣọ gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ju bó ṣe gba ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ gbọ́ lọ. Bí oníbàárà bá rẹ́rìn-ín sí i ju bó ti yẹ, á yáa tún aṣọ ẹni náà wọ̀n lẹ́ẹ̀kejì. Bí ọmọ rẹ̀ bá sì dákẹ́ jù, báàgì ilé-ìwé ló máa kọ́kọ́ tú wò.

Ọmọ náà dákẹ́ lọ́jọ́ tí à ń wí yìí. Ata Wẹ́wẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ó kéré, ó sì ń ta. Ọmọ ọdún méje ni. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń fi ìrépé aṣọ wé orí bèbí. Ìyá bá fa báàgì mọ́ra, ó kó ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìwé pẹlẹbẹ kan ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Àwòrán ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Kí lèyí?"

"Ìwé Àǹtí wa ni."

"Ìwé wo ni kò ní ọ̀rọ̀ nínú? Ṣé lẹ́tà ló ti wọ́n lọ́jà ni?"

"Àǹtí ní àwa la máa fi ẹnu wa sọ ohun tó wà níbẹ̀."

"Ọwọ́ ta ló wà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa?"

"Ọmọ Bàbá Onígbàjámọ̀. Àwa méjèèjì la jọ ni ín. Ó gbé e lọ sílé lánàá, èmi gbé e lónìí."

Ẹsẹ̀ Ìyá Aránṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aránṣọ àti ti Onígbàjámọ̀ jọ kọjú sí. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́, irun orí oníbàárà á fò wá sórí aṣọ funfun tí obìnrin náà ń rán. Bó ṣe ń ṣa irun lára aṣọ ló ń ṣa èébú fún ọkùnrin náà. Bí ọkùnrin náà bá la ẹnu láti fèsì, obìnrin á tẹ ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, gìrìrìrì, tí ariwo rẹ̀ á bo gbogbo ohun tí ẹnì kejì ń sọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀.

Àwọn ọmọ sì ń wò. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ata Wẹ́wẹ́ gbé ìjà náà dé ilé-ìwé. Ó ti ọmọ Onígbàjámọ̀ lu ògiri, ètè ọmọ ọ̀hún sì bẹ́. Ọ̀gá ilé-ìwé ní bó bá tún fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, kó máa gbélé. Ilé-ìwé yẹn nìkan ló sì wà nítòsí tí ọmọ lè fẹsẹ̀ rìn dé.

Ìyá Aránṣọ ṣí ìwé. Obìnrin kan àti ọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń pariwo mọ́ra wọn. Obìnrin náà la ẹnu gbàgà bí àpò tí okùn rẹ̀ já. Tépù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀. Kílípà ìgẹrun wà lọ́wọ́ ọkùnrin.

"Yéè! Èmi rèé! Gbàjámọ̀ ti yà mí sínú ìwé, ó sì ní kí ọmọ mi gbé e wá bá mi! Ẹ gbà mí, ẹ wo ihò imú tó fún mi!"

"Màámi, kì í ṣe…"

"Dákẹ́ ńbẹ̀ yẹn!"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó di ìwé mọ́ abíyá, ó fa ọmọ lọ́wọ́, ó di ilé-ìwé. Bí wọ́n ṣe ń kọjá, Onígbàjámọ̀ ń gbálẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Ìyá Aránṣọ, ẹ káàárọ̀ o."

"Káàárọ̀, ayàwòrán!"

Ọkùnrin náà wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló ń kí.

Olùkọ́ Ata Wẹ́wẹ́ kò ju ọ̀dọ́bìnrin lọ, ẹfun ìkọ̀wé sì ti sọ apá aṣọ rẹ̀ di funfun. Ó fa àga kan wá. "Ẹ jókòó, mà."

"Mi ò jókòó. Àga yín kéré, ọ̀rọ̀ mi tóbi. Tíṣà, ta ló sọ fún yín pé mò ń jà nílé? Àbí ìwé yìí lẹ fi ń wádìí ilé onílé? Ẹ ń fi àwòrán fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu ọmọ wa, ẹ rò pé a ò mọ̀!"

Olùkọ́ kò bá a pariwo. Ó na rọ́bà ìpàwérẹ́ sí i. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi èyí pa tépù yẹn rẹ́."

"Kí n pa á rẹ́ kí ẹ̀rí mi lè sọnù, àbí?"

"Ẹ kàn gbìyànjú ẹ̀ wò."

Ìyá Aránṣọ fi rọ́bà nù ún. Tépù parẹ́. Ó nu kílípà náà, òun náà parẹ́. Ó ṣẹ́ ku obìnrin kan àti ọkùnrin kan tí kò jọ ẹnikẹ́ni, tí kò sì sí ohunkóhun lọ́wọ́ wọn.

Olùkọ́ kó irú ìwé kan náà jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Nínú ọ̀kan, òòlù wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. "Ọmọ káfíńtà ló fi pẹ́ńsùlù ya ìyẹn kún un." Nínú òmíràn, ọkọ̀ ńlá dúró tì í. "Ọmọ awakọ̀ ló ya èyí. Bàbá ẹ̀ ti wá síbí, mà. Ó bínú jù yín lọ."

"Ta ló wá ya tépù?"

Ata Wẹ́wẹ́ sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́. "Èmi ni. Ọmọ Bàbá Onígbàjámọ̀ ló ya kílípà."

Ara Ìyá Aránṣọ tutù díẹ̀, ṣùgbọ́n ìfura rẹ̀ kò tíì tán. "Ẹ gbọ́, Tíṣà. Ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ sọ ọmọ mi di ojo? Ẹni tí wọ́n bá fi orí ẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ ńbẹ̀ o."

"Òótọ́ ni, mà. Ìwé yìí ò ní kí ọmọ gbé ìyà mì. Ó ní kí ẹnu sọ ohun tó dùn ún kí ọwọ́ tó sọ ọ́ ni." Ó kọjú sí ọmọ. "Kí ló ń dun obìnrin yìí?"

"Irun ń ba aṣọ ẹ̀ jẹ́."

"Ọkùnrin yìí ńkọ́?"

Ọmọ ronú. "Abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ tó jábọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń gún àwọn oníbàárà wọn lẹ́sẹ̀. Ọmọ wọn ló sọ fún mi."

"Abẹ́rẹ́ wo?" Ìyá Aránṣọ ta gìrì. "Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí!"

Òun fúnra rẹ̀ ló rántí ariwo ẹ̀rọ náà.

Olùkọ́ ṣí ojú ìwé tó gbẹ̀yìn. Òfìfo ni, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ kí ọmọ lè ya bí ìjà náà ṣe parí. "Ìwọ ò tíì ya tìẹ. Kí ló dé?"

"Mi ò mọ bó ṣe máa ń parí," Ata Wẹ́wẹ́ dáhùn. "Mi ò rí i rí."

Ìyá Aránṣọ jókòó sórí àga kékeré náà.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ilé-ìwé ti jáde, ó lọ bá Onígbàjámọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkùnrin náà ń gẹ irun lọ́wọ́.

"Bàbá Onígbàjámọ̀, kí ló ń dùn yín?"

Kílípà dúró lókè. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Mo ní kí ló ń dùn yín nípa tèmi?"

"Ta ló rán yín? Ṣé onílé fẹ́ lé mi ni?"

Oníbàárà tó wà lórí àga bá dá sí i. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wọn lóhùn. Ààbọ̀ orí mi ṣì kù."

Ọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ obìnrin, kò sí lórí ẹ̀rọ. Ó bá tú ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti gún oníbàárà méjì, wọn ò sì padà wá mọ́. Obìnrin náà gbọ́ ọ dópin, kó tó sọ ti irun. Ohùn wọn lọ sókè nígbà kan, ó tún wálẹ̀. Níkẹyìn, Onígbàjámọ̀ ní òun á yí àga òun kọjú sínú, òun á sì máa gbálẹ̀ kí oníbàárà tó dìde. Ìyá Aránṣọ ní òun á ra òòfà, òun á máa fi ṣa abẹ́rẹ́ ní gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bí mo bá gbàgbé ńkọ́?" ọkùnrin náà bi í, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó.

"Màá sọ fún yín. Mi ò ní sọ fún àdúgbò."

Ata Wẹ́wẹ́ àti ọmọ Onígbàjámọ̀ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ẹ má rò pé ọkàn Ìyá Aránṣọ balẹ̀. Nígbà tó yá, ó yọ́ lọ sí ẹ̀yìn ọgbà ilé-ìwé lásìkò eré, ó yọjú. Ọmọ Onígbàjámọ̀ já okùn ìfò gbà lọ́wọ́ Ata Wẹ́wẹ́. Ọwọ́ Ata Wẹ́wẹ́ gòkè. Ìyá rẹ̀ di ọgbà mú. Bó bá gbá a pẹ́nrẹ́n, ilé-ìwé parí nìyẹn.

Ọwọ́ náà dúró lókè, ó sì rọra wálẹ̀. "Èmi ni mo kọ́kọ́ mú un! Ó dùn mí bó o ṣe já a gbà!"

"Ìwọ náà lò ń mú un lójoojúmọ́! Ó ń dùn mí!"

Wọ́n pariwo títí, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹnì kan. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan mú orí okùn, tí èkejì mú ìdí rẹ̀, wọ́n ní kí ọmọ kẹta wá fò ó láàárín.

Ẹ̀yin òbí, ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ rèé. Ẹ má fura sí ìwé aláwòrán tí olùkọ́ fi ń kọ́ ọmọ yín ní àlàáfíà. Ẹ bá a ṣí i. Ẹ bi í léèrè ohun tó ń dun ẹnì kìíní nínú àwòrán àti ohun tó ń dun ẹnì kejì, kí ẹ sì jẹ́ kó fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà tí ìjà lè fi parí. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọmọ tó bá mọ èyí ní kékeré kò ní máa yára ju ẹ̀ṣẹ́. Bí ọmọ bá tọ́ka sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé yín, ẹ má nà án nítorí ẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ẹnì kan ń fìyà jẹ ẹ́ ló ń fi àwòrán sọ, ẹ gbà á gbọ́, kí ẹ tètè wá ìrànlọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó rí ẹ̀yin náà tí ẹ ń parí ìjà, nítorí ojú ọmọ ń kàwé ju bí a ti rò lọ.

Bí ẹ ò bá rí ìwé, àwòrán inú ìwé ìròyìn àtijọ́ tó. Ẹ mú ọmọ yín jókòó tì yín, ẹ bi í pé, "Kí lo rí?" Kí ẹ wá dákẹ́, kí ẹ gbọ́ ọ.