Ẹni Tó Jókòó Ti Kui Rāhera

Bẹ́líìtì tí wọ́n fi de àwòrán Kui Rāhera mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ tú lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó jáde nínú àfonífojì Waioeka. Lẹ́ẹ̀kíní, Hēnare ní bóyá òun ni òun ò tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣépè fún ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún un. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó bọ́ sílẹ̀. Ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà nínú òjò, ó tún ìyá rẹ̀ dè, ó sì fi ọwọ́ nu gíláàsì àwòrán náà bí ẹni ń nu ojú ọmọdé.

Ọdún kan ti pé tí Kui Rāhera ti kú; Kui ni wọ́n ń pe ìyá àgbà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ń gbé àwòrán rẹ̀ lọ sí ẹ̀bá Rotorua, sí abúlé tí wọ́n bí i sí láàárín omi gbígbóná, kí àwọn ará ilé rẹ̀ tí kò lè wá síbi ìsìnkú lè rí i sunkún lé lórí. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìrìn ẹni méjì mẹ́ta, ṣùgbọ́n òkè ya wálẹ̀ lẹ́yìn wọn, ó dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ àwọn ẹbí yòókù. Ó wá ku Hēnare, ìyàwó rẹ̀ Pirihira, àti Kahu, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ọmọ ọdún méje.

A kì í fi òkú sílẹ̀ ní òun nìkan. Kí wọ́n tó sin ín, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó tì í tọ̀sán-tòru, àwòrán rẹ̀ tí wọ́n ń gbé rìn kò sì yàtọ̀. Pirihira mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí Kui Rāhera ń lọ, arúgbó náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Ọmọ, má fi mí sílẹ̀ o." Pirihira jáde lọ po tíì. Nígbà tó máa fi padà dé, ẹ̀mí ti bọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí di òní pé ọwọ́ òkú náà wà ní nínà sí ẹnu ọ̀nà.

Nítorí Kahu ni wọ́n ṣe yà síbi tí ẹrẹ̀ gbígbóná ti ń hó látinú ilẹ̀, tí àwọn èèyàn ń sanwó wọlé lọ wò.

"Mọ́mì, ẹ ṣèlérí pé mo máa rí ẹrẹ̀ tó ń hó."

"Kui ńkọ́? Ta ló máa jókòó ti Kui?"

"Dádì ni."

Hēnare ti ń na ẹsẹ̀ níta nínú òjò. "Èmi tí mo wakọ̀ láti àárọ̀? Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí." Ó yọjú wo àwòrán náà, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Kahu, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni. Ta ló fẹ́ jí Màámi gbé, pẹ̀lú bí ẹnu wọn ṣe mú tó yẹn?"

Ó yẹ kí Pirihira kọ̀. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ló ti ń rò pé ojú tó wà nínú àwòrán náà ń wo òun, ọrùn rẹ̀ ti gan. Ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ju kọ́kọ́rọ́ sí àpò.

Ooru funfun ń rú jáde nínú ilẹ̀, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Wọ́n ra àgbàdo tí wọ́n fi omi gbígbóná inú ilẹ̀ sè, Kahu ní òun á jẹ tòun bí àwọn bá ti rí ẹrẹ̀ tán. Wọ́n gba orí afárá pákó, ọwọ́ ọmọ náà nínú ọwọ́ ìyá rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ ṣe fẹ́, ooru náà dà bò wọ́n, Pirihira ò rí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Nínú funfun yẹn ló ti gbọ́ tí Kahu ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ṣé ẹnikẹ́ni ò dúró tì yín ni?"

Nígbà tí afẹ́fẹ́ yí padà, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

Wọ́n wá a fún wákàtí kan gbáko. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ gba nọ́ńbà fóònù Hēnare, wọ́n fún un ní tiwọn, wọ́n sì mú ọ̀pá gígùn sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí omi gbígbóná tó wà lábẹ́ afárá. Pirihira rí ọ̀pá náà, ó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi wá. Àwọn àgbà ní "ọmọ mi kú" sàn ju "ọmọ mi nù" lọ. Pirihira ò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó kúnlẹ̀ lórí pákó tútù.

"Kui, ẹ jọ̀ọ́," ó ń sọ ọ́ sínú ooru náà. "Èmi ni mo lọ po tíì. Ọmọ yìí ò mọ nǹkan kan. Èmi ni kí ẹ mú."

Ó dìde, ó sáré lọ sídìí ọkọ̀, láti lọ jókòó ti òkú tó fi sílẹ̀, bóyá inú rẹ̀ á yọ́.

Kahu wà nínú ọkọ̀. Ó jókòó lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà, bẹ́líìtì fún àwọn méjèèjì mọ́ ìjókòó. Títì ni gbogbo ilẹ̀kùn wà, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú àpò Pirihira.

"Kahu, báwo lo ṣe wọlé?"

"Kui ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Wọ́n ní gbogbo yín lọ, ẹ fi àwọn nìkan sílẹ̀."

Òjò ṣì ń rọ̀. Ẹ̀kán omi kan kò sí nínú irun ọmọ náà.

Pirihira ò bèèrè mọ́. Ẹni tí odò ń gbé lọ, tó rí igi dì mú, kì í bèèrè irú igi tó jẹ́. Ó gbá ọmọ náà mọ́ra, ó sunkún títí Hēnare fi sáré dé. Òun náà sunkún. Ó ké sí ẹni tó wà lẹ́nu géètì pé àwọn ti rí i, wọ́n sì sá kúrò níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dá wọn dúró. Àwọn tó ń fi ọ̀pá wá ọmọ náà nísàlẹ̀ nínú ooru kò gbọ́.

Lójú ọ̀nà, Pirihira na ọwọ́ sẹ́yìn, ó di ọwọ́ Kahu mú. Ó gbóná bí òkúta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú jáde nínú kòtò tí wọ́n fi ń se ẹran. Ó fún un ní àgbàdo rẹ̀, kò gbà á.

"Ebi ò pa mí."

"Ṣó o rí i," ni Hēnare sọ, inú rẹ̀ dùn díẹ̀. "Bẹ́líìtì yẹn ò tú mọ́."

Wọ́n dé ẹnu géètì abúlé ní ọ̀sán gangan. Fóònù Hēnare gbọ̀n nínú àpò rẹ̀. Ó wò ó: nọ́ńbà àwọn òṣìṣẹ́ ibi ẹrẹ̀ tó ń hó ni. "Wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ara ọmọ dá ni," ó ní, ó sì pa á, nítorí a kì í gbé fóònù sétí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pe èèyàn wọlé.

Obìnrin onílé ló ń pè, obìnrin àlejò ló ń dáhùn. Bí àlejò ò bá dáhùn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbẹ́sẹ̀, alààyè tàbí òkú. Kui Rāhera fúnra rẹ̀ ló kọ́ Pirihira ní ìpè náà. Ó gbé àwòrán rẹ̀ mọ́ àyà, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di Kahu mú.

Kui Waimārama, àbúrò olóògbé, ló dúró níwájú ilé pẹ̀lú àwọn obìnrin aláṣọ dúdú. Ojú rẹ̀ ti fọ́ láti ọdún mẹ́wàá. Ó gbé ohùn sókè, ohùn náà sì lọ gbọọrọ lórí pápá.

"Ẹ wọlé, ẹ̀yin àlejò, ẹ gbé àwọn òkú yín wá. Wọlé, ẹ̀gbọ́n mi, o ti pẹ́ lójú ọ̀nà. Wọlé, ìwọ ọmọbìnrin kékeré tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. A ó sunkún ẹ̀yin méjèèjì pa pọ̀."

Àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Ó ti darúgbó," Hēnare sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kò ríran. Dá a lóhùn."

Pirihira pa ẹnu mọ́. Bó bá dáhùn, ó ti gbà pé òkú méjì ni òun gbé wá. Kò wo ìsàlẹ̀. Ó kàn fún ọwọ́ gbígbóná náà mọ́ra, òjò ń pa wọ́n. Kui Waimārama tún pè lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀ kan náà, òkú méjì kan náà.

Ọwọ́ kékeré náà fà á.

"Mọ́mì, ẹ dá wọn lóhùn. Ẹsẹ̀ ti ń ro èmi àti Kui."

Kí ni ìyá fẹ́ ṣe? Kò lè fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ sínú òjò. Pirihira la ẹnu, ó sì dáhùn bí Kui Rāhera ṣe kọ́ ọ, ohùn rẹ̀ ò já. Kó tó dé ìdajì ìpè náà, ọwọ́ tó dì mú ti bẹ̀rẹ̀ sí í tutù.