Kẹ̀kẹ́ Tí Wọ́n Kọ Orúkọ Sí

Jildou kúnlẹ̀ sẹ́yìn ilé ìwé, ó ki orí ọ̀bẹ ìdáná bọ abẹ́ páànù kékeré tó wà lára mọ́gáàdì, irin tó bo táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì ń fi í gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ ni, àmọ́ bó ṣe ń wo ọ̀tún tó ń wo òsì, ẹni tó bá rí i yóò rò pé olè ni. Ohun tí wọ́n kọ sára páànù náà ni pé: "Ẹ̀bùn láti ọ̀dọ̀ Terpstra, oníbúrẹ́dì." Nígbà tó yọ tán, ó jù ú sínú odò tó gba ẹ̀yìn ilé ìwé kọjá, ó sì mí kanlẹ̀.

Ní ìlú Leeuwarden, orí kẹ̀kẹ́ ni àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń ṣòfófó, orí rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń parí ìjà. Ọmọ tí kò bá ní kẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ti ré kọjá lórí rẹ̀ nìyẹn. Látìgbà tí ẹ̀yìn ti ń dun Sietske, ìyá Jildou, tí kò lè ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́, odidi wákàtí kan ni ọmọ náà fi ń fẹsẹ̀ rìn láràárọ̀. Àwọn oníṣòwò òpópónà wọn ló gbà á sílẹ̀. Wọ́n ti bá ìjọba ìlú ṣàdéhùn pé àwọn yóò máa ran àwọn ilé tí nǹkan ò rọrùn fún lọ́wọ́. Wobbe tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe á wá ògbólógbòó kẹ̀kẹ́, oníṣòwò kan á ra táyà àti bíréèkì tuntun sí i, wọ́n á sì kan páànù tó ní orúkọ oníṣòwò náà mọ́ ọn. Oore ni. Ta ni kò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ṣoore?

Àmọ́ lọ́jọ́ tí Jildou kọ́kọ́ gun tirẹ̀ délé ìwé, Marrit ọ̀rẹ́ rẹ̀ wo kẹ̀kẹ́ náà tìyanutìyanu.

"Ó mà dáa o. Ta ló rà á fún ẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, èyí tó ń gbé Harlingen."

Jildou yára fi báàgì bo ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Irọ́ ti jáde lẹ́nu, kò ṣeé gbé mì mọ́. Ọjọ́ kejì ló mú ọ̀bẹ wá láti ilé.

Oṣù méjì kọjá láìsí wàhálà. Ìyá rẹ̀ kì í sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí wọ́n ń kó kẹ̀kẹ́ sí nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún, nítorí náà kò mọ nǹkan kan. Ní àárọ̀ Sátidé kan, wọ́n ń mu tíì lọ́wọ́ nígbà tí ìyá Tjitske, aládùúgbò wọn tó ń gbé ìsàlẹ̀, pe Sietske lórí fóònù. Tjitske jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé girama tí Jildou wà, ó sì ti ń ka ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ máa dé.

Sietske gbé fóònù kalẹ̀. "Wọn ò ní fún Tjitske ní kẹ̀kẹ́ mọ́."

"Kí ló dé, Mọ́mì?"

"Apẹja kan ló fa páànù orúkọ Terpstra jáde nínú odò. Kẹ̀kẹ́ tó ní orúkọ rẹ̀ pọ̀, wọn ò mọ èyí tó jẹ́. Àwọn oníṣòwò ní ẹni tó bá fẹ́ ta kẹ̀kẹ́ nìkan ló máa yọ orúkọ lára rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní fi owó àwọn bọ́ olè. Ọmọ mọ́kànlá ló ń retí kẹ̀kẹ́ o. Ẹni tó ṣe é ò tiẹ̀ ro tàwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn."

Tíì korò lẹ́nu Jildou. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè gba kẹ̀kẹ́ náà lọ́wọ́ òun, Marrit á sì gbọ́ pé òun pa irọ́. Bí òun bá dákẹ́, ta ló máa mọ̀? Ó dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, òjò ń rọ̀. Jildou gun kẹ̀kẹ́ bá Tjitske tó ń fẹsẹ̀ rìn lójú ọ̀nà, Tjitske fi ọ̀rá borí, bàtà rẹ̀ ti rin gbindin. Ọmọ náà gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n Jildou, ẹ máa sáré lọ, kẹ́ ẹ má pẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Jildou lọ́kàn. Ì bá sàn kí Tjitske bú òun.

Nígbà tí ilé ìwé parí, ṣọ́ọ̀bù Wobbe ló gbà lọ. Ó bá Wobbe, Bàbá Terpstra àti Àǹtí Baukje tó ń ta awò ojú, wọ́n ń mu kọfí láàárín àwọn kẹ̀kẹ́ tí wọn kò pín. Wọ́n ti mú bisikíìtì ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí àṣà ibẹ̀ pé ẹyọ kan ni fún ẹnì kan, wọ́n sì ti dé agolo rẹ̀ pa. Jildou kò tiẹ̀ rántí kí wọn.

"Èmi ni mo yọ páànù yẹn."

"O wá ta kẹ̀kẹ́ náà fún ta?" ni Àǹtí Baukje bi í.

"Mi ò tà á, mà. Òun ló wà níta yẹn."

"Kí lo wá ń yọ páànù lára kẹ̀kẹ́ ara ẹ sí?"

"Baukje, jẹ́ kó sọ̀rọ̀," ni Bàbá Terpstra wí. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ páànù náà ti ń dùn ún. "Kí ló dé, ọmọ mi?"

"Ojú ló ń tì mí, Bàbá. Mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé a ò ní."

"Kí làwọn ọmọ ilé ìwé sọ sí ẹ?"

"Wọn ò sọ nǹkan kan. Èmi ni mo ti ń gbọ́ ọ kí wọ́n tó sọ."

Omi lé sójú bàbá náà. "Ogójì ọdún ni mo ti ń kọ orúkọ mi sára bébà búrẹ́dì, kí àwọn oníbàárà lè padà wá. Mi ò rò ó pé ọmọ èèyàn kì í ṣe búrẹ́dì."

"Ṣé ká wá máa ṣoore níkọ̀kọ̀ bí ẹni ń jalè ni?" Àǹtí Baukje ṣì ń bínú.

Wobbe, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, dáhùn. "Ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni."

"Ìwọ tó o kì í sọ̀rọ̀, ọjọ́ tó o bá máa sọ ọ́, èmi lo máa ń sọ ọ́ sí." Àǹtí Baukje fẹ́ fajú ro, àmọ́ ẹ̀rín pa á. Ó ṣí agolo bisikíìtì, ó fún Jildou ní ẹyọ kan, ó dé e pa, ó tún ṣí i, ó fún un ní èkejì.

Wọ́n fẹnu kò pé àwọn yóò máa pín kẹ̀kẹ́ lọ, àmọ́ nọ́ńbà nìkan ni àwọn yóò máa kọ sí abẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́. Jildou yóò sì máa wá ní Sátidé láti bá Wobbe yọ àwọn páànù tó kù, lọ́tẹ̀ yìí láìlo ọ̀bẹ ìdáná.

"Ó wá ku irọ́ tó o pa," ni Wobbe wí bó ṣe ń sìn ín jáde. "Ìyẹn, ìwọ fúnra ẹ lo máa yọ ọ́."

Jildou sọ fún ìyá rẹ̀ nírọ̀lẹ́ yẹn, ìyẹn sì fà á mọ́ra. Ti Marrit ló le.

"Mo ti rí páànù yẹn lọ́jọ́ kìíní," ni Marrit wí. "Ohun tó dùn mí ni pé o rò pé màá fi ẹ́ ṣẹ̀sín." Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni kò fi gun kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n fún Tjitske ní kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé. Láàárọ̀ ọjọ́ tí òun àti Jildou kọ́kọ́ jọ gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé ìwé, atẹ́gùn ń fẹ́ wọn lójú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọmọ náà ṣubú. Marrit wá bá wọn ní ìyànà, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Jildou, àwọn méjèèjì sì jọ dí atẹ́gùn fún Tjitske.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àìní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Irọ́ tí a fi bò ó mọ́lẹ̀ ló ń pa ẹni tó wà lẹ́yìn wa lára. Ẹni tí wọ́n bá sì ti ràn lọ́wọ́ rí, kó bọ́ síwájú, kó gba atẹ́gùn fún ẹlòmíì.