Àádọ́ta Kílò Géérégé

"O fi kílò kan àbọ̀ lé." Olùkọ́ ìjàkadì gbójú kúrò lára òṣùwọ̀n. "Bó o bá lé ní àádọ́ta kílò níbi ìdíje lọ́la, ẹlòmíì ni yóò jà."

Gìdìgbà ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin tó wà lórí òṣùwọ̀n náà nílé ìwé, torí kò sẹ́ni tó lè gbé e ṣánlẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Kò fẹnu kan omi mọ́, ó wọ aṣọ òtútù méjì léra kó lè làágùn, ó ń sáré yí pápá ká bí ẹni tí oyin ń lé. Orúnkún ń dùn ún, ló bá da oògùn ìrora mẹ́rin sẹ́nu. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó tún lo mẹ́rin.

Àádọ́ta géérégé ló wọ̀n. Àmọ́ kí wọ́n tó pè é síta, òòyì kọ́ ọ, ó sì ṣubú láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ìyá rẹ̀, aránṣọ, sáré dé ilé ìwòsàn. Wọ́n ti fa omi sí ọmọ náà lára. Ìtọ̀ rẹ̀ kò kún ife kékeré, ó sì dúdú.

"Ṣé o lo oògùn kankan?" ni dókítà bi í.

"Rárá, mà." Bí olùkọ́ bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, ó mọ̀ pé òun ò ní jà fún ilé ìwé mọ́.

Dókítà yíjú sí ìyá rẹ̀. "Mà, kíndìnrín ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ wa, tó ń yọ ìdọ̀tí rẹ̀ sínú ìtọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ bá dínkù torí pé omi ò tó lára, á fẹ ojú iṣan tó ń gbé e wọlé, á fún èyí tó ń gbé e jáde, kí iṣẹ́ má baà dúró. Oògùn ìrora ni kì í jẹ́ kó lè fẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kò kúkú lò ó, omi tá a fà sí i lára á tó. Ẹ lè mú un lọlé nírọ̀lẹ́."

Gìdìgbà yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. Ẹ̀rù ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí kíndìnrín rẹ̀ bó bá délé wá bà á ju ẹ̀rù olùkọ́ lọ.

"Mà, mo purọ́. Mẹ́jọ ni mo lò."

"Yéè, ọmọ mi!" Ìyá rẹ̀ káwọ́ lérí. Dókítà ò bá a wí; ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ní kí wọ́n tún gbà fún àyẹ̀wò kíá. Èsì rẹ̀ kò dára rárá.

Ọjọ́ mẹ́fà ló lò níbẹ̀ kí ìtọ̀ tó dá ṣáká. Ẹlòmíì ti jà nípò rẹ̀, ó sì gbégbá orókè. Ó dun Gìdìgbà wọra, ó sunkún.

"Ká ní o dákẹ́ délé ńkọ́?" ni dókítà bi í lọ́jọ́ tó ń lọ.

Gìdìgbà di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Ìlera lọrọ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ẹni tó bá purọ́ fún dókítà, ara rẹ̀ ló purọ́ fún.