Àmì Ayódíìnì Iwájú Orí Hari

Kí aago méjì tó lù, ọwọ́ Nímọ́tà gbọ́dọ̀ mọ́. Aago méjì ni shift rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, manager wọn kì í sì í gbà kí ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ dọ̀tí fọwọ́ kan èèyàn. Ó fọṣẹ fọ̀ ọ́, ó fi Dettol fọ̀ ọ́, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á. Àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ ṣì pọ́n rúsúrúsú bí èyí tí wọ́n tì bọ ayódíìnì. Bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọdún kan tó ti rí ayódíìnì gbẹ̀yìn.

"Ta lo dìbò fún?" Àìṣát tí wọ́n jọ háyà fúláàtì ní London bi í lẹ́nu ọ̀nà. "Àwọn eléètò ìdìbò dé Peckham, o ò pè mí!" Ó rẹ́rìn-ín, ó sáré lọ bá train. Ilé dákẹ́ wẹ́lo. Òórùn ẹja láti ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ nìkan ló kù pẹ̀lú Nímọ́tà.

Ọmọ kan ṣoṣo ni, ìyá rẹ̀ sì ti kú. Lọ́dún tó kọjá, ó lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ nílé ìwòsàn kékeré kan lórí òkè ní Nepal, lásìkò ọdún àwọn ẹlẹ́sìn Hindu. Òdòdó àti fìtílà kún ẹnu ọ̀nà gbogbo. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún náà, obìnrin máa ń fi àmì síwájú orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, kí ikú má lè mú un títí ọdún á fi yípo. Bàbá kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì, Hari, tí kò lábùúrò obìnrin.

"Ìwọ ṣe é fún mi."

Kò sí àtíkè pupa nítòsí. Nímọ́tà ti àtàǹpàkò bọ ayódíìnì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwájú orí, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Látìgbà náà, gbogbo Jímọ̀ ni bàbá náà ń pè é: "Àbúrò mi, ṣé o ti jẹun?" Kò sẹ́lòmíì tó ń bi í bẹ́ẹ̀ ní gbogbo London.

Fóònù dún. Video call ni. Sunita, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn náà, ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ọjọ́ kejìlá rèé tí bàbá ò jẹ, tí wọn ò mu. Wọn ò kú. Òní lọ́dún àmì tí o fi sí wọn pé. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ni. Ṣáà ní kí wọ́n máa lọ."

Ó yí fóònù síhà bẹ́ẹ̀dì. Hari ti gbẹ kan eegun. Àmì iwájú orí rẹ̀ ṣì tutù, ó ń dán.

"Àbúrò mi, ó ń dùn mí. Jẹ́ kí n sinmi."

Nímọ́tà la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ó wá wo yàrá: àga kan, kọ́ọ̀pù kan. Tí èyí bá lọ, ta ló kù tó máa pè é lábùúrò?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́," ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, "ẹ má bínú sí mi."

Ó tẹ àtàǹpàkò mọ́ iwájú orí bàbá náà lójú fóònù.

Sunita figbe ta. Ayódíìnì ń ṣàn wálẹ̀ lójú Hari, ó ń kán sórí ìrọ̀rí. Ọwọ́ Nímọ́tà mọ́ fínnífínní. Ó débi iṣẹ́ lásìkò.

Ọdún kẹta ti wọlé báyìí; ọdọọdún ni Nímọ́tà ń tún àmì náà tẹ̀. Sunita ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Hari ò jẹun, kò sọ̀rọ̀, kò sì kú.