Ta Ló Máa Pe Àjíkẹ́?

Bàrákàt ń gbé ní Egan, nítòsí Ìgándò. Oríkì rẹ̀ ni Àjíkẹ́.

Láràárọ̀, Bàrákàt máa ń kúnlẹ̀ kí màmá rẹ̀.
"Ẹ káàárọ̀ mà!"
Mọ́mì á ní, "Àjíkẹ́ o! Àjíkẹ́ mi! Ṣé dáadáa lo jí?"
Orí Bàrákàt á wú. Wúúú!

Àmọ́ Mọ́mì ti wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sókè òkun. Ó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì.
Báyìí, tí Bàrákàt bá kúnlẹ̀, Dádì á kàn ní, "Káàárọ̀. Lọ fọ ẹnu."
Àjíkẹ́ dà? Kò sí o! Àárò Mọ́mì ń sọ Bàrákàt gan-an.

"Dádì, níbo ni òkè òkun wà?"
"Ó wà lódìkejì òkun."
"Ẹ mú mi lọ sétí òkun, ẹ jọ̀ọ́!"

Ní Sátidé, kílẹ̀ tó mọ́, wọ́n gbéra, ó di Àgbádárìgì. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi. Tù-tù-tù-tù! Wọ́n sọdá ọ̀sà.

Ọ̀nà tóóró kan wà níbẹ̀, láàárín igi àgbọn. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ń rìn nínú iyanrìn. Ṣùù, ṣùù, ṣùù.

"Ọ̀nà yìí ti pẹ́," Dádì sọ. "Láyé àtijọ́, wọ́n fi tipátipá kó àwọn èèyàn lẹ́rú gba ibí lọ sókè òkun. Wọn ò padà wá mọ́."

Bàrákàt dúró. Ó di ọwọ́ Dádì mú.
"Ṣé Mọ́mì náà ò ní padà?"
"Háà! Rárá o! Wọ́n mú àwọn yẹn ni. Mọ́mì ẹ, òun fúnra ẹ̀ ló lọ, òun fúnra ẹ̀ ló máa padà."

Wọ́n dé etí òkun. Wùùù... ṣááá!
Omi, omi, omi. Kò sí Mọ́mì.

Bàrákàt kúnlẹ̀, ó kọjú sí òkun.
"Ẹ káàárọ̀ mà!"
Ó tẹ́tí. Wùùù... ṣááá!
Òkun ò mọ oríkì ẹnikẹ́ni jàre. Omijé lé ròrò sójú Bàrákàt.

"Káàárọ̀ o, ọmọ dáadáa!"
Ta nìyẹn? Ìyá àgbà kan ni, tó ń gbá ewé kúrò lójú ọ̀nà. Ó rò pé òun ni Bàrákàt ń kí!
"Ọmọ tó mọ èèyàn kí! Kí ni oríkì ẹ?"
"Àjíkẹ́, mà."
"Àjíkẹ́ o! Àjíkẹ́ ọmọ rere!"

Orí Bàrákàt wú. Wúúú! Ó ń rẹ́rìn-ín, ó tún ń sunkún.

Dádì lanu. "Ṣé oríkì lo ń wá látijọ́ yìí?"
"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ máa pè mí bẹ́ẹ̀ títí Mọ́mì á fi dé."

Dádì wúkọ́. "Ehn... Àjíkẹ́."
"Kò tíì dùn! Ẹ fa ohùn!"
"Àjíkẹ́ o."
"Ẹ kígbe!"
"ÀJÍKẸ́ OOO!"
Fìrrr! Àwọn ẹyẹ fò lọ. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí ìgbálẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ní Egan, Bàrákàt kúnlẹ̀.
"Ẹ káàárọ̀ sà!"
"Àjíkẹ́ o! Àjíkẹ́ mi! Ṣé dáadáa lo jí? Ó yá, lọ fọ ẹnu."

Wúúú!

Àárò Mọ́mì ṣì ń sọ ọ́. Ó lọ sójú fèrèsé, ó rọra sọ pé, "Mọ́mì, ẹ tètè máa bọ̀ o. Dádì ti mọ̀ ọ́n pè."