Káfíńtà àti Tíṣà Ẹlẹ́yẹ

Orí àga ni káfíńtà ti kọ́kọ́ rí obìnrin kan, díẹ̀ ló kù kó ré bọ́, tó ń wo òkè ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé, tí bíírò wà nínú irun rẹ̀. Òrùlé ìyá obìnrin náà tó ń jò ni wọ́n ní kí káfíńtà wá ṣe, ṣùgbọ́n kíá ló gbàgbé òrùlé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ẹ má lé wọn lọ."

"Àwọn ológoṣẹ́ yìí?"

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ni, ó sì mọ ẹyẹ bí ẹní mowó. "Ẹ̀ga ni wọ́n, ọ̀gá káfíńtà. Èyí tó ní àwọ̀ ìyeyè, tórí rẹ̀ dúdú, akọ nìyẹn, òun ló ń hun ilé. Èyí tẹ́ ẹ pè ní ológoṣẹ́, ìyàwó ni. Tó bá fa ilé náà wò tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọkọ á tú u palẹ̀, á tún òmíràn hun."

"Hàà! Ìyàwó yìí mà le o!"

"Inú ẹ̀ ló máa yé ẹyin sí. Ṣé kó má wò ó ni?"

Iṣẹ́ ọjọ́ kan, káfíńtà fi ọjọ́ mẹ́fà ṣe é. Kí oṣù kejì tó pé, ìfẹ́ ti wọ àwọn méjèèjì lára dé eegun.

Ìyá tíṣà ò bá wọn jà. Ó kàn sọ pé, "Ọmọ dáadáa ni ẹ́. Àmọ́ inú ṣọ́ọ̀bù lò ń sùn. Mi ò ní fa ọmọ mi fún ẹni tí ò nílé."

Ni káfíńtà bá kọ́ yàrá méjì, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó fẹ́ fi ya olólùfẹ́ rẹ̀ lẹ́nu. Àṣìṣe ńlá! Tíṣà wọlé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ó mà dáa o, ọkọ mi. Àmọ́ ó ṣókùnkùn."

Ọ̀rọ̀ náà dun káfíńtà wọra. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kò yọjú. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu tíṣà mọ́, ẹnu ara rẹ̀ ló ń bú.

Lọ́jọ́ Sátidé, káfíńtà dé.

"Mo bínú, tíṣà mi. Mo jókòó sínú ilé yẹn, mo rí i pé ó ṣókùnkùn lóòótọ́. Ìwọ ni mo ń kọ́lé fún, mi ò sì bi ẹ́ léèrè. Máa bọ̀."

Ìyá tẹ̀lé wọn lọ. Káfíńtà na ṣọ́ọ̀kì sí olólùfẹ́ rẹ̀. "Níbo lo fẹ́ kí wíńdò wà?"

Tíṣà fa ìlà sára ògiri tó kọjú sọ́nà. "Ibí ni. Kí n lè máa rí ẹ látòkèèrè tó o bá ń ti iṣẹ́ bọ̀."

Káfíńtà dúró, ó ń wò ó, omi lé ròrò lójú rẹ̀.

"Ó ti gbà ẹ́ o!" ni ìyá pariwo. "Kí lo wá ń wò? Gbé òòlù!"