Ta Ló Pa Irinwó Adìyẹ?

Irinwó adìyẹ ló kú lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Kò sí ọgbẹ́ lára ọ̀kankan wọn, kò sí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, kò sì sí èyí tó ṣàìsàn lọ́jọ́ tó ṣáájú. Wọ́n kàn rọ́ jọ sí igun ilé adìyẹ, ẹnu wọn là sílẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ń wú. Òórùn yẹn wọnú yàrá, ó wọnú aṣọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú omi mímu. Síbẹ̀, òkú adìyẹ kọ́ ló rí mi lára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnu àwọn tó ni adìyẹ ni.

Ìyá Kọ̀ńpútà, ìyàwó ilé, ló kọ́kọ́ já wọ ibẹ̀. Ó bá Àǹtí Ẹ̀yìnkùlé tó ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì bu omi sínú àwọn abọ́ tí adìyẹ fi ń mu omi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin ni àǹtí yìí. Aránṣọ ni, ọkọ rẹ̀ ti kú, kò bímọ, ó sì ń dá gbé yàrá kan lẹ́yìnkùlé àbúrò rẹ̀. Lójú ìyàwó ilé, ẹ̀rí mẹ́ta nìyẹn pé àjẹ́ ni. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti kà á léèwọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ tẹsẹ̀ bọ ilé adìyẹ.

Àǹtí ní òun ń gbọ́ igbe wọn láti àárọ̀, òun sì ń pa á mọ́ra nítorí èèwọ̀ náà. Ìgbà tí igbe dákẹ́ ni àyà òun já. Ó ní gbogbo abọ́ omi ló wà níta, wọ́n dojú bolẹ̀, wọ́n gbẹ táútáú. Òun kó wọn wọlé, òun sì bu omi fún àwọn tó ṣẹ́ kù.

"Omi wo?" ni ìyàwó ilé bi í. "Kí lẹ pò mọ́ ọn?"

Kí oòrùn tó wọ̀, àdúgbò ti gbọ́ pé àjẹ́ bu májèlé sómi adìyẹ.

Ọ̀rọ̀ náà ti ní gbòǹgbò tẹ́lẹ̀. Kọ̀ńpútà, àkọ́bí ilé, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ló ń tọ́jú adìyẹ. Láti ilé ìwé ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí ohun tó bá ti wọ orí rẹ̀ kì í jáde mọ́. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù márùn-ún, orí ọ̀hún ń jò. Wọ́n á rán an níṣẹ́ méjì, ọ̀kan ló máa jẹ́. Ó gbé ẹyin lọ fún oníbàárà kan lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ kan náà. Lọ́jọ́ kan ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹyin, kò mọ ohun tó bá wá, ó sì sunkún. Ìyá rẹ̀ ní àjẹ́ ẹ̀yìnkùlé ló ń jẹ ọpọlọ ọmọ òun díẹ̀díẹ̀ bí ẹní ń jẹ ẹ̀pà. Bó bá ti sọ ọ́ tán, á tún lá ètè.

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, bàbá pe gbogbo wọn sí pálọ̀. Ó bi Kọ̀ńpútà bóyá ó fún adìyẹ lómi lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ oògùn àjẹsára. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń kó abọ́ omi síta fún wákàtí méjì kí òùngbẹ lè gbẹ adìyẹ. Wọ́n á wá po oògùn mọ́ omi tuntun, kí adìyẹ lè mu ún tán kó tó bàjẹ́.

"Mo fún wọn, sà," ni Kọ̀ńpútà wí. "Mo ṣì ń rí i bí mo ṣe ń pò ó."

Kò purọ́. Ó ń rí i lọ́kàn rẹ̀ lóòótọ́: ọwọ́ rẹ̀, igi tó fi ń rò ó, omi tó funfun díẹ̀.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

Òwe tó dára, ẹnu tó dọ̀tí. Bàbá kò lè wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni tó ranṣọ títí ojú fi ń dùn ún kó lè rán an níléèwé. Ilẹ̀ ló ń wò tó fi ní kó kẹ́rù rẹ̀ kúrò kó tó di Sátidé. Àǹtí wo Kọ̀ńpútà. Kọ̀ńpútà tẹrí ba.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, dókítà adìyẹ dé. Ó la òkú adìyẹ kan lórí tábìlì lágbàlá, gbogbo wọn sì fọwọ́ bo imú. Oúnjẹ tó wà lọ́rùn rẹ̀ gbẹ bí iyanrìn. Ó ní kò sí májèlé kankan níbẹ̀, òùngbẹ ló pa wọ́n. Nígbà tí ìyàwó ilé yarí, dókítà ní kí wọ́n lọ wo fíríìjì ṣọ́ọ̀bù, níbi tí òun fúnra òun kó ìgò oògùn méjì sí lọ́jọ́ Àìkú.

Kọ̀ńpútà nìkan ló lọ. Ó ṣí fíríìjì. Ìgò méjèèjì wà níbẹ̀, wọn ò tíì já ìdérí wọn.

Omi funfun tó ń rí lọ́kàn, ti oṣù tó kọjá ni. Kò sí ẹnì kankan ní ṣọ́ọ̀bù. Àpò ṣòkòtò rẹ̀ gba ìgò méjèèjì. Ó tilẹ̀ ti ki ọ̀kan bọ̀ ọ́. Bó bá ní òun ò rí nǹkan kan, Àǹtí á lọ ní Sátidé, ọ̀rọ̀ á sì parí. Ó yọ ọ́ jáde, ó fọwọ́ bo imú. Òórùn òkú kọ́ ló fà á, òórùn yẹn ò dé ṣọ́ọ̀bù. Ara rẹ̀ ló kó o nírìíra.

Ó gbé ìgò méjèèjì wá sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ adìyẹ tí wọ́n là. "Èmi ni," ó ní. "Mo kó abọ́ wọn síta, mo sì gbàgbé. Àǹtí ò ṣe nǹkan kan."

Dókítà bi í bóyá ó ń lo oògùn kankan. Ó ní eruku ìyẹ́ adìyẹ máa ń mú òun sín, òun sì ti ń gbé oògùn kan tó ń kun èèyàn lóorun mì láàárọ̀ àti lálẹ́ láti oṣù márùn-ún. Dókítà ní adìyẹ lòun ń tọ́jú, kó lọ rí dókítà èèyàn lónìí, torí irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè máa ba ìrántí jẹ́ béèyàn bá sọ ọ́ di oúnjẹ.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ìyá rẹ̀. "Ta ló ń tì í láti máa gbé e mì?" Ó tún yíjú sí ẹ̀yìnkùlé. Dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́, ó sì fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Bàbá bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí pé kó má lọ mọ́. Àǹtí ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n òun ò lè máa bá òórùn yìí gbé. Kó tó kó lọ, ó kọ́ Kọ̀ńpútà ní ohun tó máa ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n má bàa sọ sísọ́ọ̀sì nù: ohun tí ọwọ́ bá ń ṣe, kí ẹnu máa pè é.

Dókítà èèyàn gba oògùn náà lọ́wọ́ Kọ̀ńpútà, ó fún un ní ìbomú. Ìrántí rẹ̀ ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń bu omi, á máa ké e sókè pé òun ti bu ti abọ́ kìíní, ó ku ti ìkejì. Àwọn aládùúgbò ní àjẹ́ ti sọ ọ́ di wèrè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí.

Ní oṣù kejì tí Àǹtí kó lọ, Kọ̀ńpútà wá yàrá tuntun rẹ̀ lọ, ó ń ka gbogbo kọ́nà tó yà sí sókè. Àǹtí ṣílẹ̀kùn.

"Àǹtí, mo wá bẹ̀ yín," ó ní. "Àbí mo ti bẹ̀ yín tẹ́lẹ̀?"

Àǹtí gbé sísọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Rárá," ó ní. "O ò tíì bẹ̀ mí."

Kọ̀ńpútà kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì ẹnu ọ̀nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́.